Owó ìrànwọ́ ìjọba fún àwọn aláàbọ̀ ara nílẹ̀ Okun: kí ló ti wà rí, kí ló kù, kí ló yẹ ká béèrè?

Ọmọ Ìjùmú:

Ẹ kú ilé o, gbogbo ọmọ Okun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi. Ọ̀rọ̀ kan ń ti orí WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn ládùúgbò wa pé ìjọba fẹ́ bẹ̀rẹ̀ owó oṣù fún àwọn aláàbọ̀ ara, pé kí oníkálukú wá fi ₦2,000 gba fọ́ọ̀mù. Àwọn ẹbí tó ní afọ́jú tàbí arọ nílé ti ń wá owó náà kiri. Kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìdí ọ̀rọ̀, ẹ bá wa là á. Owó wo ni òfin ti fọwọ́ sí rí fún aláàbọ̀ ara ní Nàìjíríà? Èwo ló ṣì wà? Kí sì ni ẹni tó wà ní Ògìdì, ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ní abúlé Bùnú lè ṣe báyìí tí owó bá dé tí orúkọ tirẹ̀ kò fi ní sọnù?

Agbẹjọ́rò Kàbà:

Ẹ má san ₦2,000 yẹn. Ọ̀fẹ́ ni kíkọ orúkọ sínú ìwé orúkọ àwọn aláìní ti ìjọba àpapọ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbígba NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, fún ìgbà àkọ́kọ́ náà. Ẹni tó bá ń ta fọ́ọ̀mù fún yín, jìbìtì ló ń lù.

Ní ti òfin: ìjọba amúnisìn ló kọ́kọ́ ṣe òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1942. Ẹni tí ọ̀gá gbà síṣẹ́ nìkan ló kàn. Àgbẹ̀ tí ejò bu ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ, ọmọ tí wọ́n bí ní afọ́jú, ẹbí ló ń gbé wọn. Ní 1961, ìjọba dá àpò ìfowópamọ́ òṣìṣẹ́ tó ń jẹ́ NPF sílẹ̀. Ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jọ ń dáwó sí i, ẹni tí àìlera bá sì lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lè gba owó rẹ̀. Òun náà ni wọ́n sọ di NSITF ní 1993. Ọdún 1993 yẹn kan náà ni ìjọba ológun gbé òfin jáde lórí àwọn aláàbọ̀ ara, ṣùgbọ́n orí ìwé ló wà, kò délé ẹnikẹ́ni.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 16(2)(d), sọ gbangba pé kí ìjọba pèsè owó àgbà, owó àìsàn àti ìtọ́jú aláàbọ̀ ara fún gbogbo ọmọ ìlú. Àmọ́ abala 6(6)(c) ò jẹ́ kí ẹ lè gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara pátápátá ní 2010, abala 28 rẹ̀ sì dárúkọ ètò ìrànwọ́ ìjọba. Nígbà tó wá di oṣù Kìíní 2019, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó de fífi ojú yẹpẹrẹ wo aláàbọ̀ ara. Òfin náà dára: ó fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé, ó ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba gba aláàbọ̀ ara tó tó ìdá 5 nínú 100, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ fún wọn l'Ábújá. Ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ kò ní rí gbólóhùn kan tó ní kí wọ́n san iye báyìí fún ẹnikẹ́ni lóṣooṣù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fọ́ lójú nìyẹn. A ní òfin ẹ̀tọ́, a ò ní òfin owó.

Alákọsílẹ̀ Yàgbà:

Agbẹjọ́rò ti sọ ti òfin, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ètò, torí ètò ni owó tí àwọn èèyàn fojú rí ti wá.

Ní 2016, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ₦5,000 lóṣù fún ilé àwọn aláìní. Ní oṣù Kẹwàá 2023, ìjọba Tinubu ní òun yóò san ₦25,000 lẹ́ẹ̀mẹta fún ilé mílíọ̀nù 15. Ní oṣù Kìíní 2024, wọ́n dá àwọn ètò náà dúró nítorí ìwádìí. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ẹni tí kò bá ní NIN tó bá orúkọ rẹ̀ mu kò ní rí owó gbà. Ẹ kíyè sí i pé *ilé* ni gbogbo rẹ̀ ń kà. Kì í ṣe aláàbọ̀ ara fúnra rẹ̀. Ilé tó ní aláàbọ̀ ara mẹ́ta àti ilé tí kò ní ẹyọ kan, iye kan náà ni.

Bí orúkọ ṣe ń wọ ìwé nìyí. Àwọn òṣìṣẹ́ ètò láti káńsù máa ń wá sí ìlú, wọ́n á pe ìpàdé, wọ́n á pín àwọn èèyàn sí mẹ́ta: ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀. Ìpín kọ̀ọ̀kan á dárúkọ àwọn ilé tí ìyà ń jẹ jù. Wọ́n á pa orúkọ náà pọ̀, wọ́n á fara mọ́ ọn níwájú ìlú. Lẹ́yìn ìyẹn ni akọ̀wé á gbé ẹ̀rọ lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan, á béèrè irú òrùlé, irú ilẹ̀ ilé, ibi tí omi ti ń wá, ẹran ọ̀sìn, iye èèyàn. Kọ̀ǹpútà ló ń fi ìdáhùn wọ̀nyẹn to àwọn ilé láti orí ẹni tó tálákà jù. Ẹ̀ka tó ń jẹ́ SOCU ló ń tọ́jú ìwé náà ní ìpínlẹ̀.

Ibi mẹ́ta ni aláàbọ̀ ara ti ń já bọ́.

Èkíní, níbi ìpàdé. Arọ ò lè dé gbàgede, adití ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ò pé, àwọn ará ilé rẹ̀ kì í dárúkọ rẹ̀ láwùjọ. Tí ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá dárúkọ ẹ, akọ̀wé ò ní mọ ọ̀nà ilé ẹ. Kí baálẹ̀, pásítọ̀, lèmọ́ọ̀mù àti ìyálọ́jà ti jọ kọ orúkọ gbogbo aláàbọ̀ ara ìlú sílẹ̀ ṣáájú, kí ọ̀kan nínú wọn mú ìwé náà dání lọ sí ìpàdé, kí ó kà á sókè.

Èkejì, lórí NIN. Tí ọwọ́ ẹnì kan ò bá sí, tàbí tí ẹ̀tẹ̀ ti jẹ ìka rẹ̀, òṣìṣẹ́ NIN kan lè ní kó máa lọ sílé. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ wọn ní àyè tí wọ́n ti lè tọ́ka sí ìka tí kò sí, kí wọ́n fi ìka tó kù àti fọ́tò ojú parí iṣẹ́. Ẹ ní kó lo àyè yẹn. Tó bá kọ̀, ẹ béèrè ọ̀gá ọ́fíìsì. Àṣìṣe tó ń pa èèyàn lára jù ni orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Wọ́n kọ Olorunfemi sí NIN, báńkì kọ Femi, ìwé àwọn aláìní kọ Oluwafemi: èèyàn mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ka ìyẹn sí. Ẹ kọ orúkọ sórí bébà kan, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe jẹ́, kí ẹ fi bébà yẹn kan náà han gbogbo ọ́fíìsì. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí NIN nìkan lé ní ₦28,000 láti 2025, nítorí náà ẹ yẹ ìwé náà wò kí ẹ tó kúrò níwájú òṣìṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́. Láti rí nọ́ńbà náà lórí fóònù, ẹ tẹ \*346#, ti BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, ni \*565\*0#. Nọ́ńbà 11 ni méjèèjì.

Ẹ̀kẹta, àkáǹtì àti síìmù tó ti kú. Owó náà ń wá, ó ń dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Láàárín ìgbà yẹn, báńkì lè ti àkáǹtì tí kò sí owó tó wọlé tàbí tó jáde nínú rẹ̀ fún ọdún kan. Síìmù tí wọn ò fi pè, tí wọn ò ra káàdì sí fún oṣù 6, wọ́n lè pa á, lẹ́yìn oṣù 6 mìíràn nọ́ńbà náà lè di ti ẹlòmíì. Tí owó bá wá padà dé, ìkìlọ̀ báńkì á lọ bá àjèjì. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ fi ₦500 sínú àkáǹtì, ẹ yọ ₦200, ẹ fi síìmù náà pe ẹnì kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Mọpà:

Ẹ ṣeun gan-an, Alákọsílẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé: ká ní obìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ ń gbé ní yàrá kan nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Páànù ló wà lórí ilé náà, ẹ̀gbọ́n ní ọ̀kadà. Ṣé ìwé náà ò ní sọ pé ilé olówó ni?

Alákọsílẹ̀ Yàgbà:

Yóò sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ohun tó burú nínú ìṣirò yẹn gan-an nìyẹn. Ó ń wo òrùlé, kò wo owó tí ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé ń ná láti wà láàyè: ẹni tó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Kàbà, aṣọ ìtẹ́dìí, oògùn, ọ̀pá. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe: tó bá ń dáná tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó ń jẹun lọ́tọ̀, ilé tirẹ̀ ni ìyẹn lójú ètò náà, kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún akọ̀wé. Ìkòkò kan náà ni wọ́n fi ń mọ ilé kan. Tó bá jẹ́ inú ìkòkò ẹ̀gbọ́n ló ti ń jẹ, ẹ má purọ́, torí wọ́n máa ń bi aládùúgbò. Kí ẹ rí i pé akọ̀wé kọ àìlera rẹ̀ sílẹ̀ ní tirẹ̀.

Okun Lọ́ńdọ̀nù:

Ohun tí Ìyá Mọpà béèrè yẹn ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi pín owó náà sí oríṣi méjì, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n ká tó béèrè tiwa.

Oríṣi kan jẹ́ àfidípò owó iṣẹ́: o ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ìjọba san nǹkan dípò. Jámánì ló kọ́kọ́ fi òfin ṣe é fún òṣìṣẹ́ ní 1889. Oríṣi kejì jẹ́ owó ìnáwó àìlera: yálà o ń ṣiṣẹ́ tàbí o ò ṣiṣẹ́, yálà ilé olówó lo wà tàbí ilé tálákà, àìlera ń ná ọ lówó, ìjọba sì ń gbé díẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ irú èyí ní 1971 fún àwọn tó nílò olùtọ́jú, fún àwọn tí kò tíì darúgbó, ó di owó tí wọ́n ń pè ní DLA ní 1992, ó sì di èyí tí wọ́n ń pè ní PIP láti 2013. PIP ń béèrè nípa ohun 10 tí èèyàn ń ṣe lójúmọ́, bíi sísè oúnjẹ, wíwẹ̀, wíwọṣọ, àti ohun 2 nípa rírìn. Máàkì 8 ló ń gba owó kékeré, 12 ló ń gba ńlá. Kò sí ìbéèrè òrùlé níbẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé tiwọn dúró ṣinṣin. Ní 2025, ìjọba wọn fẹ́ sọ pé ẹni tí kò bá ní máàkì 4 lórí ohun kan ṣoṣo kò ní gba apá owó tó wà fún ohun 10 ojúmọ́ yẹn mọ́. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba fúnra wọn kọ̀, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò ní oṣù Keje. Ẹ wo Amẹ́ríkà náà: owó SSI tó bẹ̀rẹ̀ ní 1974 wà fún aláìní tó jẹ́ aláàbọ̀ ara, afọ́jú tàbí àgbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ju $2,000 lọ ní ìpamọ́ kò lè gbà á. Láti 1989 ni wọ́n ti fi iye yẹn síbẹ̀, wọn ò gbé e sókè. Ẹni tó bá fi owó pamọ́ láti ra kẹ̀kẹ́ arọ lè pàdánù owó oṣù. Iye tí wọ́n kọ sínú òfin láì so ó mọ́ ohunkóhun, ọ̀wọ́n gógó ló ń jẹ ẹ́ tán.

Olùṣirò Ìsánlú:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù. Àpẹẹrẹ kan wà ní Nàìjíríà níbí tí a kì í sọ tó: ìpínlẹ̀ Jigawa. Ní 2007 ni wọ́n fi òfin bẹ̀rẹ̀ ₦7,000 lóṣù fún aláàbọ̀ ara, èèyàn 150 ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ìbílẹ̀ 27 ni wọ́n ní, ìyẹn 4,050 èèyàn. ₦28,350,000 lóṣù ni. Ní 2007, owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ jẹ́ ₦7,500 ní ìjọba àpapọ̀ àti ₦5,500 ní ìpínlẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí aláàbọ̀ ara ń gbà ní Jigawa nígbà yẹn ju owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù ní ìpínlẹ̀ lọ. Láti 2024 tí owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù ti di ₦70,000, ìdá 10 péré ni ₦7,000 jẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣe ti Kogi Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba ìbílẹ̀ 7 la jẹ́: Kàbà-Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà Ìlà-Oòrùn, Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn, Mọpà-Mùrò, Lọ́kọ́já àti Kogi. Ká ní èèyàn 150 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí oníkálukú sì ń gba ìdá 30 nínú 100 owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù, ₦21,000 nìyẹn. Káńsù kan á ná ₦3,150,000 lóṣù, ₦37,800,000 lọ́dún. Gbogbo 7 jẹ́ ₦264,600,000 lọ́dún. Kì í ṣe owó tí kò ṣeé rí. Láti oṣù Keje 2024 tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ní kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà, a mọ ẹnu ọ̀nà tí a ó kàn.

Ọmọ Bùnú:

Mo fara mọ́ ìdá 30, mi ò fara mọ́ 150. Ìkànìyàn 2006 fi hàn pé èèyàn Lọ́kọ́já lé ní ìlọ́po mẹ́rin ti Mọpà-Mùrò. Báwo ni méjèèjì ṣe máa ní iye aláàbọ̀ ara kan náà? Ohun tó burú jù nípa fífi iye dí i ni pé ẹni 151 á máa dúró kí ẹnì kan kú. Àti pé ẹni tí alága bá mọ̀ ló máa kọ́kọ́ kún 150 yẹn.

Iye gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀, ọ̀nà tí à ń gbà béèrè ni kò dára. Ìkànìyàn 2006 ní aláàbọ̀ ara lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 3 péré ni gbogbo Nàìjíríà ní, kò tó ìdá 3 nínú 100. Àjọ ìlera àgbáyé ní ìdá 16 ni káàkiri ayé. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí tí o bá bi ìyá ilé pé "ṣé aláàbọ̀ ara wà nílé yìí?", á ní rárá. Ìbéèrè mẹ́fà kan wà tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń lò: ṣé ó nira fún ọ láti ríran, kódà pẹ̀lú awò? Láti gbọ́ràn? Láti rìn tàbí gun àtẹ̀gùn? Láti rántí nǹkan tàbí pọkàn pọ̀? Láti wẹ̀ tàbí wọṣọ fúnra ẹ? Láti sọ̀rọ̀ kí èèyàn yé ẹ, tàbí kí ọ̀rọ̀ wọn yé ẹ? Ìdáhùn mẹ́rin: kò nira, ó nira díẹ̀, ó nira gan-an, mi ò lè ṣe é rárá. Ẹni tó bá dáhùn "ó nira gan-an" tàbí "mi ò lè ṣe é" lórí ẹyọ kan ló wọlé. Kò sí ìbéèrè kan tó pe ẹnikẹ́ni ní arọ. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lè fi ìbéèrè yìí ka ìlú kan láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kí wọ́n bi ẹni kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, kí wọ́n má bi olórí ilé nìkan, kí wọ́n sì ní ẹni tó gbọ́ èdè ọwọ́ tàbí ará ilé tí adití náà fọkàn tán.

Ọmọ Ìjùmú:

Ẹni tó fara pa níbi ìwakùsà tàbí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì ń kọ́? Irú wọn pọ̀ ládùúgbò wa.

Agbẹjọ́rò Kàbà:

Ìyẹn ní òfin tirẹ̀ tó le: òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti 2010, NSITF ló ń bójú tó o. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ sínú àpò náà, òṣìṣẹ́ ò san kọ́bọ̀. Tí ìpalára bá ṣẹlẹ̀, kí òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má fi ẹnu nìkan sọ ọ́, ẹ ya fọ́tò ìwé náà. Kí ọ̀gá sọ fún NSITF láàárín ọjọ́ 7. Kí òṣìṣẹ́ kọ̀wé béèrè owó láàárín ọdún kan. Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí láé ní ẹ̀tọ́ sí ìdá 90 owó oṣù rẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ọ̀gá fún ẹbí ní owó tábílẹ̀ẹ̀tì pẹ̀lú ìwé kékeré kan láti buwọ́ lù, kí ọdún kan wá kọjá. Ẹ má buwọ́ lu ìwé tó bá sọ pé "mo ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ mi".

Olùṣirò Ìsánlú:

Mo gba ti Ọmọ Bùnú lórí 150. Ká lo ìbéèrè mẹ́fà yẹn, kí gbogbo ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ "mi ò lè ṣe é rárá" kọ́kọ́ wọlé, kò sí òǹkà. Owó á ju bí mo ṣe ṣírò lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ á wà fún ẹni tó nílò rẹ̀ jù, kì í ṣe fún ẹni tó mọ alága. Ohun tí mi ò ní gbà ni kí wọ́n tún kọ iye náírà sínú òfin. Ìdá ni kí wọ́n kọ. Òfin owó òṣìṣẹ́ ti 2024 ní kí wọ́n máa tún iye náà yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ìyẹn 2027. Tí owó aláàbọ̀ ara bá so mọ́ ọn, yóò gòkè lọ́jọ́ kan náà láìsí pé ẹnì kan bẹ̀bẹ̀.

Agbẹjọ́rò Kàbà:

Ìlànà tí mo máa gbà nìyẹn náà. Gbólóhùn mẹ́rin ló tó fún àbá òfin ní káńsù tàbí ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Kí owó náà jẹ́ ti aláàbọ̀ ara, kì í ṣe ti ilé. Kí ó jẹ́ ìdá kan nínú owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù. Kí ó má dáwọ́ dúró nítorí pé ẹni náà rí iṣẹ́ kékeré tàbí pé ó fowó pamọ́. Kí àìlera tí kò lè sàn má tún máa lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Ìwé òfin ilẹ̀ wa, àlẹ̀mọ́ kẹrin, ti fi ilé fún àwọn aláìlágbára sára iṣẹ́ káńsù, nítorí náà wọn ò lè ní kò kàn wọ́n. Ẹ mú u lọ kí wọ́n tó parí ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí ìwé iye èèyàn tí ẹ kà pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́fà wà lẹ́yìn rẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan lójú ìwé tirẹ̀.

Ìyá Mọpà:

Ẹ kú làákàyè. Ìbéèrè kan péré ló kù. Ṣé ẹ̀gbọ́n lè gba owó náà sínú àkáǹtì tirẹ̀, nígbà tí àbúrò ò lè jáde?

Alákọsílẹ̀ Yàgbà:

Kò dára, Ìyá. Orúkọ àti BVN àbúrò ni kí ó wà lórí àkáǹtì. Ẹ sọ fún báńkì pé arọ ni, kí wọ́n rán òṣìṣẹ́ wá sílé tàbí kí aṣojú wọn ṣí i fún un, kí ó fúnra rẹ̀ tẹ̀ka tàbí buwọ́ lùwé. Tó bá jẹ́ afọ́jú, kí ẹni tí òun fúnra rẹ̀ yàn ka ìwé náà sí i létí kí ó tó buwọ́ lù ú. Kí káàdì ATM àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n lè bá a lọ gba owó lọ́dọ̀ oní-POS, ṣùgbọ́n kí síìmù tó ń gba ìkìlọ̀ báńkì wà nínú fóònù àbúrò, kí ó lè mọ iye tó wọlé kí ó tó mọ iye tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.